Ẹsẹ̀ Ìmàdò àti Orí Awó: Ìṣirò Tó Wà Nínú Igbó Yankari

Bí ẹ bá gbéra ní ìlú Bauchi lẹ́yìn ìrun àsùbá, tí ẹ kọjú ọkọ̀ sí ìhà gúúsù ìlà-oòrùn, oòrùn kò ní tíì mú janjan tí ẹ ó fi dé Wikki, nínú ọgbà ẹranko Yankari. Ìrìn náà lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà, inú igbó gan-an sì ni apá ìkẹyìn rẹ̀. Kí ẹ tó dé ìdajì ọ̀nà, ọmọ kan yóò ti béèrè pé, "Ṣé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé?" Ẹ má ṣe dá a lóhùn. Ẹ bọ́ aago ọwọ́ yín fún un, ẹ ní kí ó máa wo òkúta kìlómítà ẹ̀bá ọ̀nà, kí ó sọ iye ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ fi rin kìlómítà mẹ́wàá, kí òun fúnra rẹ̀ sì wá sọ ìgbà tí a ó dé. Ìṣirò Yankari ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, a kò sì tíì rí ẹranko kankan.

Ìdí tí mo fi ń pè yín síbẹ̀ nìyí. Olùkọ́ ni mí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò ní Òkè Ọya níhìn-ín, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti ń sọ Hausa ní ìta, Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, àti Yorùbá díẹ̀díẹ̀ nínú ilé. Mo ti rí ọmọ tí ó lè ka ìsọdipúpọ̀ láti orí 2 dé orí 12 láìmí, tí ó ń mi orí sí i bí ẹni ń ka wàláà, ṣùgbọ́n tí a bá bi í pé ẹsẹ̀ mélòó ni ewúrẹ́ mẹ́rìnlá ní, yóò máa wo òkè àjà. Orin ni nọ́ńbà jẹ́ fún un. Kò mọ̀ pé ohun kan wà tí orin náà ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn òbí ń náwó sórí ẹ̀kọ́ àfikún ní ìrọ̀lẹ́, olùkọ́ ìrọ̀lẹ́ náà a sì tún lu ìlù kan náà. Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ti pinnu nínú ọkàn wọn, kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, pé ìṣirò kì í ṣe ti àwọn. Ẹni tí ó bá ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti ti ilẹ̀kùn púpọ̀ mọ́ ara rẹ̀ láìmọ̀: ilẹ̀kùn dókítà, ti apoògùn, ti ẹnjiníà, títí dé ti oníṣòwò tí a kò lè rẹ́ jẹ. Ẹranko ni mo máa ń fi pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà, nítorí n kò tíì rí ọmọdé tí kò fẹ́ mọ ohun tí ẹranko ń jẹ àti ibi tí ó ń sùn.

Ní Wikki, ẹranko kì í jìnnà sí ènìyàn. Àwọn ìnàkí a máa rìn láàárín ilé àlejò bí ẹni tí ó ni ilé. Ẹ ti fèrèsé yín, kí ẹ sì di oúnjẹ yín mú, nítorí olè paraku ni wọ́n. Àwọn ìmàdò náà a máa wá jẹ koríko ní àgbàlá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fajú ro: a kì í jẹ ẹran ìmàdò, ṣùgbọ́n kò sí àlùfáà tí ó ní kí a má ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ìgbà kan tí a kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ nínú ọyẹ́, ìmàdò àti awó ń jẹ̀ papọ̀ níwájú wa. Mo ní kí àwọn ọmọ kẹ̀yìn sí wọn, mo sì bi wọ́n pé: orí 12 ni mo kà, ẹsẹ̀ 34; ìmàdò mélòó, awó mélòó?

Àwọn àgbà inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Wọ́n ní ìmàdò mẹ́fà, awó mẹ́fà. Ẹsẹ̀ di 36. Wọ́n ní ìmàdò mẹ́rin, awó mẹ́jọ. Ẹsẹ̀ di 32. Méfòméfò kì í ṣe ohun burúkú, ọ̀pọ̀ ìmọ̀ ló ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan tí kì í sábà lanu ní kíláàsì ti jí ojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Tíṣà, ìmàdò kì í dúró jẹun. Ó máa ń kúnlẹ̀ ni." Òótọ́ ni. Ọrùn ìmàdò kúrú, nítorí náà a máa ká ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, a sì máa rá lọ lórí wọn bí ó ti ń jẹ koríko. Ọmọ náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ: "Bí gbogbo ìmàdò bá kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ méjì méjì ni kálukú wọn fi dúró, bíi ti awó. Ìyẹn jẹ́ méjì lọ́nà méjìlá, mẹ́rìnlélógún. Mẹ́wàá tí ó kù, ẹsẹ̀ tí wọ́n ká ni. Ìmàdò márùn-ún ni." Awó wá jẹ́ méje. Ohun tí ìwé àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ń fi lẹ́tà x ṣe ni ọmọ náà fi orúnkún ẹranko ṣe.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ibi tí ìdáhùn yẹn ti wá. Mímọ̀ tí ó mọ bí ẹranko náà ṣe ń jẹun ni ó fún un ní ọ̀nà, nítorí ó wo ìmàdò dáadáa nígbà tí àwọn yòókù ń wo bébà. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń nawọ́ sókè ní kíláàsì mi. N kò sọ pé ó gba ipò kìíní o. Ó ń nawọ́ sókè, ìyẹn tó mi.

Lẹ́yìn èyí ni a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsun omi. Omi Wikki ń tú jáde láti abẹ́ àpáta, ó mọ́ gaara débi pé ẹ ó máa rí yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́sàn-án lóru, nínú ọyẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ooru rẹ̀ kì í kúrò ní nǹkan bí 31 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ọyẹ́ bá jẹ́ 14, kí ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì? Ọmọ tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn kí ó tó wọ omi, tí ara rẹ̀ sì tú pẹ̀sẹ̀ nígbà tí ó wọ inú rẹ̀ tán, kò tún ní gbàgbé ohun tí 17 jẹ́.

Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé omi tí ń tú jáde níbẹ̀ lójúmọ́ kan tó lítà 21,000,000. Nọ́ńbà tó tóbi báyìí kì í ní ojú fún ọmọdé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹ fi 24 pín in, ó di 875,000 ní wákàtí kan. Ẹ fi 60 pín èyí náà, ó di nǹkan bí 14,583 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 wọ̀n ọ́n, ó lé ní kẹ́ẹ̀gì 580 láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ tí wọ́n mọ iye tí mẹ́rúwà ń gbà lórí kẹ́ẹ̀gì kan bú sẹ́kún ẹ̀rín nígbà tí a dé ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó tí òun ì bá rí bí òun bá gbé ọmọlanke wá.

Ẹ má gbàgbé láti tún sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá. Ọ̀kẹ́ kan ni ẹgbàá mẹ́wàá, ìyẹn 20,000, iye owó ẹyọ tí ó kún àpò kan láyé àtijọ́. Nítorí náà, ọ̀kẹ́ 1,050 ni omi Wikki lójúmọ́. Ọ̀nà ìkàyé wa kún fún ìyọkúrò: ọmọ tí ó bá mọ̀ pé màrúndínlógójì ni 35 ti yọ márùn-ún kúrò nínú ogójì kí olùkọ́ tó kọ àmì ìyọkúrò sójú pátákó. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ogún mẹ́ta tí a yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀ ni. Ọmọ tí a kò kọ́ ní èyí nílé kò ní rí i kọ́ ní ibòmíràn ní Òkè Ọya.

Kì í ṣe ìfẹ́ èdè lásán ló ń mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà kan ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ wọn, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín ẹ̀kọ́ yòókù. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ni wọ́n ṣe dáadáa jù, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Fafunwa di Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́ ní 1990, ó wà níbẹ̀ títí di 1992, ó sì jáde láyé ní 2010. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè àdúgbò kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n dá Gẹ̀ẹ́sì padà sípò. N kò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn ní ojú ewé yìí. Fún àwa tí a ń gbé ní Bauchi, Jos, Kaduna tàbí Kano, èdè àdúgbò kì bá ti jẹ́ Yorùbá bó ti wù kó rí. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé pẹ̀lú wọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ní ọjọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ gíga tí ọgbà náà fi ń gbé àlejò ká inú igbó. Ọdún 1956 ni a ya ilẹ̀ Yankari sọ́tọ̀ fún ẹranko. 1962 ni a ṣí i fún aráàlú. Ní 1991 ó di ti ìjọba àpapọ̀. Ní 2006 a dá a padà fún Ìpínlẹ̀ Bauchi. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,244 kìlómítà onígun mẹ́rin, ìyẹn ni pé bí ẹ bá gé ilẹ̀ sí ègé ègé, tí ìbú ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlómítà kan, tí òòró rẹ̀ náà jẹ́ kìlómítà kan, 2,244 irú ègé bẹ́ẹ̀ ni yóò gbà. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ 3,577. Nítorí náà, Yankari lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún Èkó. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti lo àìsinmi lọ́dọ̀ ẹbí ní Ìkòròdú lóye èyí kíá, nítorí wọ́n ti jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó rí.

Nínú ilẹ̀ tó tóbi tó báyìí, níbo ni a ó ti wá erin? Mo fi ìbéèrè náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹnì kan ní kí a wá gbogbo igbó. Ẹlòmíràn ṣírò pé bí a bá fi wákàtí kan wá kìlómítà onígun mẹ́rin kan, tí a sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, a ó lo ọjọ́ tó lé ní 280. Ẹ̀ṣọ́ igbó tí ó wà pẹ̀lú wa rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ni kí ẹ wá. Odò Gaji ló la ọgbà náà kọjá. Bí òjò bá ti dá, tí kòtò omi inú igbó sì gbẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹranko ń rọ́ wá. Nítorí èyí ni àwọn tí ń ka ẹranko fi fẹ́ràn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: koríko ti gbẹ, ojú ríran jìnnà, ẹranko sì ti kó ara wọn jọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹranko ni a lè kà tán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kan ni kí a ka ti apá kékeré, kí a sì fi ìwọ̀n ilẹ̀ tó kù sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ lè fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀yìnkùlé yín láìsan kọ́bọ̀: ẹ ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, ẹ ta okùn yí wọn ká kí ìhà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan, ẹ ní kí wọ́n ka ihò èèrà tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, tí àgbàlá yín sì gba 200 irú rẹ̀, ihò 600 ni. Kí wọ́n tún ṣe é lábẹ́ igi máńgòrò, kí wọ́n tún ṣe é lẹ́bàá kànga. Iye náà kò ní dọ́gba, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ náà ti dùn jù: kí ló dé tí èèrà fi fẹ́ràn ibi kan ju ibòmíràn lọ?

Ní etí Gaji ni a ti rí wọn. Abo ńlá kan ló ṣíwájú, mẹ́fà tẹ̀ lé e, ọmọ kékeré kan sì ń rìn láàárín ẹsẹ̀ wọn. Kò sí ọmọ tí ó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Erin kan lè mu omi tó 200 lítà lóòjọ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ. Ó lè jẹ ewé àti koríko tó 150 kílò, ìwọ̀n àpò ìrẹsì ńlá mẹ́ta. Ọmọ tó gbọ́ èyí lóye ìdí tí erin kò fi lè gbé nínú igbó kékeré.

Nígbà tí wọ́n kọjá tán, a sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ẹ̀ṣọ́ ti gbà wá láyè, mo sì mú igi kan, mo kọ nọ́ńbà méjì sórí yanrìn. Ní 2006, a fi bàálù ka erin Yankari: ó jẹ́ 348, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínláàádọ́ta. Lónìí, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ni àwọn tí ń ṣọ́ wọn fojú bù. Àwọn tí ń fi ìbọn wá eyín erin ti ṣe wọ́n lọ́ṣẹ́ gidigidi. Láti 2014 ni àjọ Wildlife Conservation Society ti ń bá ìjọba Bauchi ṣiṣẹ́ láti dáàbò bò wọ́n, ọ̀rọ̀ náà sì ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, agbo erin tí ó pọ̀ jù lọ tó kù ní Nàìjíríà nìyí.

Ìyọkúrò kò le: 248. Mo wá ní, ọdún mélòó ni yóò gbà kí 248 náà tó padà? Erin a máa lóyún fún oṣù 22, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí. Ó máa ń tó ọdún mẹ́rin kí ó tó tún bí òmíràn. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé 25 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ abo tí ó tó bímọ. Àwọn ọmọ fi 4 pín 25, wọ́n ní ọmọ erin mẹ́fà lọ́dún, ó lé díẹ̀. Wọ́n fi 6 pín 248. Ó jẹ́ 41, ó tún ṣẹ́kù, bí ọ̀kankan nínú wọn kò bá tilẹ̀ kú láàárín ìgbà náà, èyí tí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá fi 10 kún un, ó wò ó títí. Ó ní, "Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo máa pé." Ó bi ẹ̀ṣọ́ náà pé ìgbà wo ni ó máa ń gbà láti pa ọ̀kan. Ẹ̀ṣọ́ náà kò dáhùn, ó kàn fi ìka rẹ̀ ṣe bí ẹni fa ìbọn.

Ní ọ̀nà àbọ̀, agbo màlúù Fúlàní kan dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ wa, àwọn lẹ́kẹ́lẹ́kẹ́ sì ń fò tẹ̀ lé wọn. Àwọn tó ń lọ sí ilé-kéwú lára àwọn ọmọ rántí sàká ẹran ọ̀sìn. Bí màlúù bá pé 30, ọmọ màlúù ọlọ́dún kan ni a ó yọ. Bí ó bá pé 40, ọlọ́dún méjì. Bí ó bá wá jẹ́ 70 ńkọ́? Ọ̀kan nínú èyí, ọ̀kan nínú tọ̀hún, nítorí 30 àti 40 ni. Mo wá ní 120. Ẹnì kan ní ọlọ́dún méjì mẹ́ta, ẹnì kejì ní ọlọ́dún kan mẹ́rin, wọ́n sì fẹ́ẹ̀ máa bá ara wọn jà nínú ọkọ̀. Àwọn méjèèjì gbà á. 120 ni nọ́ńbà tí ó kéré jù tí 30 àti 40 lè pín láìṣẹ́kù, ẹ̀kọ́ tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ sójú pátákó láti ọdún pípẹ́ láìsí ẹni tí ó bá mi jà lé e lórí.

Ẹ wádìí ipò ojú ọ̀nà dáadáa kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì lọ láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin bí ẹ bá fẹ́ rí erin. Fún ẹni tí kò bá lè lọ, ọgbà ẹranko wà ní Jos, ó wà ní Kano, ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ìlọrin. Ẹni tí kò sì lè dé ọ̀kankan nínú wọn ní adìyẹ nílé, ó ní alántakùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ lára ògiri, ó sì lè ra afárá oyin lọ́jà kí ọmọ wò ó bí ihò rẹ̀ ṣe jẹ́ onígun mẹ́fà. Ẹ ní kí wọ́n gé páálí sí onígun mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún àti mẹ́fà, tí ìhà wọn dọ́gba, kí wọ́n tò wọ́n láìfi àlàfo sílẹ̀. Wọn ó rí i fúnra wọn pé onígun márùn-ún kò ní gbà.

Ẹ fún wọn ní èyí náà ní alẹ́ òní. Ẹfọ̀n àti lẹ́kẹ́lẹ́kẹ́ wà ní etí Gaji: orí 15, ẹsẹ̀ 46. Ẹ rántí pé ẹfọ̀n kì í kúnlẹ̀ jẹun bí ìmàdò, ṣùgbọ́n orí ẹ̀yìn rẹ̀ ni lẹ́kẹ́lẹ́kẹ́ sábà máa ń bà sí. Ẹ má sọ ìdáhùn fún wọn.